Ọmọbìnrin Tí Ó Gba Pátákó Mi

Orí àga ni mo dúró sí, mò ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ọkọ̀ ojú omi kẹta sára pátákó iwájú ọ́fíìsì wa ní Warehouse Road, nígbà tí bàbá tó ń ṣọ́ géètì wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

"Àǹtí Pátákó, ṣé ẹ ti gbọ́?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́, bàbá?"

"Ọ̀gá mú ọmọbìnrin kan wá lánàá lẹ́yìn tí ẹ ti lọ sílé. Wọ́n ní á gbé ọ́fíìsì wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ẹni tó wà ní London á máa rí gbogbo ohun tí ẹ̀ ń kọ yìí látorí àga nílé ẹ̀."

"Ẹ bá mi kí ẹni tó wà ní London."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ti ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sì rántí bí orúkọ ọkọ̀ yẹn ṣe parí mọ́.

Ọdún díẹ̀ ló kù nígbà náà ká wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Mo ti jáde girama, owó àtilọ síwájú ò sí, mo ti lọ́kọ, mo ti bí ọmọbìnrin kan tó ń lọ sí ọdún mẹ́fà. Ọkọ mi ń wa tírélà lọ sí Kánò; bí wọ́n ṣe ń wọ̀nà fún oṣù lójú ọ̀run ni èmi àti ọmọ ṣe máa ń wọ̀nà fún bàbá ẹ̀. Yàrá kan là ń gbé ní Amùkòkò, láti ibẹ̀ ni mo ti ń lọ sí Àpápá láràárọ̀.

Iṣẹ́ kílíárìn là ń ṣe, ìyẹn ni pé à ń bá ènìyàn gba ẹrù jáde ní èbúté. Mẹkáníìkì tó ń retí ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ń ta fíríìjì tòkunbọ̀, ìyá tí ọmọ rẹ̀ fi mọ́tò ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bá wọlé: ọkọ̀ mi ńkọ́?

Èmi ni mò ń dá wọn lóhùn. Kí n tó dé ọ́fíìsì, mo ti kọ́kọ́ yà sí ẹnu géètì wọ́ọ̀fù ní èbúté, níbi tí wọ́n ń lẹ ìwé àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ mọ́ ògiri. Èmi á dà á kọ sínú ìwé àjákọ mi. Ṣùgbọ́n ìwé ara ògiri kì í sọ ju ohun tí wọ́n rò lánàá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti òní gbọ́dọ̀ bi àwọn tó ń já ẹrù. Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wọn tó dàgbà sí Ajégúnlẹ̀. Bó bá ti rí mi lókèèrè ló ti máa ń pariwo: "Sista, dat one still dey for sea o! Make your people siddon for house." Èmi á rẹ́rìn-ín, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá sì gba ọ́fíìsì lọ.

Ìyá àgbàlagbà kan láti Iléṣà ló sọ pátákó yẹn di ohun tó dà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń wo lẹ́tà bí ẹni ń wo àjèjì. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga.

"Màmá, kí lẹ̀ ń wò?"

"Mò ń wò ó bóyá ó máa ṣàánú mi kó sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí ya àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òrùka òfìfo túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ṣì wà lójú òkun, ó ń dúró de àyè. Òrùka tó ní ìlà lábẹ́, wọ́n ti fi okùn so ó mọ́ èbúté. Òrùka tí ìlà là láàárín, má wulẹ̀ wá, ọkọ̀ yẹn ti yà lọ síbòmíràn. Láàárín oṣù méjì, gbogbo oníbàárà wa ló mọ̀ ọ́n, mùsùlùmí wọn, onígbàgbọ́ wọn, àtẹni tó kàwé àtẹni tí kò kà. Awakọ̀ tó ń kọjá á rọra rìn, á yọ orí síta, á wo òrùka tirẹ̀, á sì fọn fèrè fún mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí ní Àǹtí Pátákó. Mi ò ní purọ́, orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju ìyàwó ilé lọ.

Ọmọ mi máa ń gba kùkùté ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́. Yóò ya òrùka sí gbogbo ilẹ̀ yàrá, á ní, "Mọ́mì, ọkọ̀ bàbá mi ti dé." Mo sọ fún un pé tírélà kì í gba orí omi. Kò gbà.

Ọmọbìnrin oníkọ̀ǹpútà náà dé lọ́sẹ̀ yẹn. Kò ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ. Yábàá ló ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ ń ró kò-kò-kò lórí sìmẹ́ńtì, èékánná rẹ̀ sì mọ́ bí ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan rí. Ọ̀gá fi í sínú yàrá kan ṣoṣo tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ní kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ ooru. Ọdún mẹ́rin ni mo ti lò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá èmi fẹ́ ooru.

Ó ń kí mi dáadáa, ká má parọ́ mọ́ ọn. "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí." Èyí tún wá ń bí mi nínú, torí ǹ bá fẹ́ràn kó rí mi fín, kí n lè kórìíra rẹ̀ láìní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn.

Ọjọ́ tí wọ́n parí ojú ìwé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá pe gbogbo wa wọlé láti wá wò ó. Ọmọbìnrin yẹn so kọ̀ǹpútà mọ́ okùn tẹlifóònù. Ẹ̀rọ náà ké, ó kùn, ó tún ké bí ìgbà tí wọ́n tẹ adìyẹ nírù. A dúró. A tún dúró. Lẹ́yìn náà ni àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè, bí ẹni ń fa kọ́tìnì. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí àwọn ọkọ̀ mi, ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, bí mo ṣe kọ wọ́n sínú ìwé àjákọ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n dára lójú, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Lẹ́tà kan ò wọ́, ìkankan ò parẹ́ nítorí òjò.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa tèmi lẹ́ẹ̀mejì.

Bí a ṣe ń jáde, ọmọbìnrin yẹn dì mí lọ́wọ́ mú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn òrùka tí ẹ máa ń yà sóde yẹn?"

"Àwọn tí kò kàwé ni mo yà á fún," ni mo dá a lóhùn. "Ìwọ kàwé."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí," ó sì padà síbi òtútù rẹ̀.

Kò pẹ́ tí lẹ́tà í-meèlì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọkùnrin kan kọ̀wé láti Amẹ́ríkà pé òun ò mọ ọ̀nà Àpápá, ṣùgbọ́n nítorí ohun tí òun rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ wa ni òun máa fi ẹrù òun sí. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àwọn míì tún kọ, wọ́n tún lẹ̀ ẹ́. Ògiri yẹn wá dà bí ibi tí wọ́n ti ń kí ọmọbìnrin kan ṣoṣo kú oríire. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá sọ níwájú gbogbo wa pé, "Bó bá yá, a ó yọ pátákó òde yẹn kúrò. Ó ń sọ wá di ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó wò mí, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé èmi ni gbogbo wọn ń rò. Taípíráítà tí mo fi ń tẹ lẹ́tà ọ́fíìsì, wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó láti ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ti dé. Bí pátákó bá tún lọ, kí ni wọ́n á máa fi mí ṣe ní ọ́fíìsì yẹn?

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ní ẹnu géètì wọ́ọ̀fù, ìwé ara ògiri sọ pé ọkọ̀ kan tó gbé mọ́tò láti Amẹ́ríkà á gúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo dà á kọ. Bí mo ṣe ń lọ ni ẹ̀gbọ́n ará Ajégúnlẹ̀ yẹn pè mí. "Sista! No mind dat paper. Space no dey. Dat ship don turn face go Cotonou. E fit reach two weeks before e come back."

Mo dúpẹ́. Mo dé ọ́fíìsì, mo gun àga, mo ya òrùka, mo sì la ìlà sí i láàárín. Nígbà tí mo wọlé, ọmọbìnrin náà wá gba ìwé àjákọ mi bó ti máa ń ṣe. Ó ka ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Àǹtí, ṣé èyí náà á wọlé lónìí?"

"Ohun tó wà nínú ìwé ni o rí yẹn."

Mi ò purọ́. Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn lóòótọ́. Mo jókòó, mo ń gbọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ké, mo mọ̀ pé ó ń gbé àṣìṣe lọ sí London àti Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi bí omi tútù. Mo ní kí wọ́n ṣáà mọ̀ lẹ́ẹ̀kan pé íńtánẹ́ẹ̀tì kì í lọ sí ẹnu géètì wọ́ọ̀fù, ẹsẹ̀ mi ló ń lọ.

Ẹni tí mò ń rò pé á jìyà rẹ̀ ni ọ̀gá, tàbí ọkùnrin olówó kan lókè òkun. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, ìyá Iléṣà yẹn wọlé.

Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀, gèlè wọn dúró gbagidi. Mẹkáníìkì kan tẹ̀lé wọn, ó ru bátìrì mọ́tò, torí mọ́tò tó bá ti pẹ́ lórí omi, bátìrì rẹ̀ á ti kú kó tó dé. Ọmọ Màmá lókè òkun ti rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ọkọ̀ ti wọlé, ó sì ti tẹ tẹlifóònù sí ilé aládùúgbò wọn. Ìdájí ni wọ́n ti kúrò ní Iléṣà. Ohun tó wà lọ́kàn Màmá ni láti jókòó síwájú mọ́tò náà padà sílé, kí gbogbo ojúlé rí wọn nínú aṣọ yẹn.

Ọ̀gá fúnra wọn tẹ tẹlifóònù sí èbúté, wọ́n sì sọ fún Màmá pé ọkọ̀ náà ò sí ní Èkó rárá. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n tú gèlè, wọ́n gbé e lé itan. Mẹkáníìkì yẹn sọ bátìrì kalẹ̀, ó ní, "Nǹkan yìí wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, mo sì tún máa rù ú padà."

Ọ̀gá yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ta ló sọ fún ọ pé ọkọ̀ yìí ti dé? Ṣé ohun tí mo ní kó o ṣe fún wa nìyí, kó o máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ayé?"

"Ohun tí mo rí nínú ìwé ni mo kọ, sà." Ẹkún ti gba ohùn rẹ̀. Kò wò mí. Kò dárúkọ mi.

Mo ti ń retí ìdààmú yìí láti ọjọ́ Ajé. Nígbà tó dé, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí. Mo ń wo gèlè Màmá lórí itan wọn. N bá dákẹ́ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Màmá dìde, wọ́n lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúró síwájú pátákó. Èmi ni mo kọ́ wọn láti kà á. Wọ́n na ìka sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà lèyí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìlà la òrùka yìí láàárín. Ọjọ́ wo lo ya èyí?"

Ọ̀gá ti jáde dúró sẹ́yìn wa. Ọmọbìnrin náà dúró, bàbá géètì náà dúró.

"Ọjọ́ Ajé, mà."

"Háà." Màmá wò mí. "Ìwọ tí o wà níta mọ̀ láti ọjọ́ Ajé. Kí ló dé tí èyí tó wà nínú ilé ò mọ̀?"

Kò sí ibi tí mo lè sá sí. Ọwọ́ tèmi ló kọ ẹ̀rí sára pátákó fún mi.

"Mi ò sọ fún un," ni mo wí. "Mo mọ̀, ó bi mí, mi ò sọ fún un."

Ọ̀gá ní, "Kí ló dé?"

"Mò ń jowú ẹ̀, sà."

Bóyá bí mo bá ti ní mo gbàgbé ni, wọn ì bá bú mi kó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n owú ni mo pè é. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé títí di ọjọ́ Ajé, kí wọ́n lè ronú. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sin Màmá dé gáréèjì.

Èmi ni mo ru bátìrì yẹn lọ. Mẹkáníìkì ní òun ò ní gbà á lọ́wọ́ mi, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi. Ní gáréèjì, mo kúnlẹ̀, mo bẹ Màmá. Wọ́n fà mí dìde.

"Èmi náà ti jowú rí," ni wọ́n wí. "Orogún méjì ni mo bá nílé ọkọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ jowú, mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́únjẹ fún àwọn ọmọ wọn tán. Máa ṣiṣẹ́ ẹ tán kí o tó jowú, ọmọ mi."

Nígbà tí mo padà ní ọjọ́ Ajé, pátákó ò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú ihò ìṣó mẹ́rin ló kù, àti ibi tí ọ̀dà ògiri ti mọ́ ju ti ìyókù lọ. Mo dúró wò ó bí ẹni wo ibojì. Bàbá géètì fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ẹ wọlé, Àǹtí. Ó ń dúró dè yín."

Ọmọbìnrin náà fà mí wọ yàrá òtútù. Lójú kọ̀ǹpútà, òrùka wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ gbogbo ọkọ̀. Òfìfo. Onílà lábẹ́. Bàbá géètì ló kọ́ ọ lẹ́yìn tí mo lọ.

"Àǹtí, mi ò bínú mọ́. Mo bínú gan-an tẹ́lẹ̀ o." Ó nu imú. "Ti onílà láàárín yìí ni mi ò tíì lè yà dáadáa. Ṣé ó dúró ṣánṣán ni, àbí ó wọ́?"

"Ó wọ́ díẹ̀," ni mo wí, mo sì yà á fún un lórí ìwé.

Ọ̀gá ò lé mi. Wọ́n gbé fóònù alágbèéká tiwọn fún mi, èyí tó tóbi tó búlọ́ọ̀kù kékeré, kí n máa fi pe ọ́fíìsì láti ẹnu géètì wọ́ọ̀fù. A wá ṣètò kan: ọmọbìnrin náà ò gbọdọ̀ wọ íńtánẹ́ẹ̀tì kí n tó pè é láàárọ̀, torí okùn tẹlifóònù kan náà la ń lò. Kó jókòó, kó dúró dè mí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí fóònù yẹn nínú báàgì mi, ó ní, "Ọ̀gá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan èyí rí." Bó ṣe wò ó, bí èmi ṣe ń wo yàrá òtútù rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Kí Ọlọ́run má bínú, ó tù mí lára.

Ọkọ̀ náà padà láti Kùtọnu. Mo dúró sẹ́nu géètì títí ẹ̀gbọ́n ará Ajégúnlẹ̀ fi juwọ́ sí mi pé wọ́n ti fi okùn so ó mọ́ èbúté, kí n tó pe ọmọbìnrin náà pé kó fa ìlà sábẹ́ òrùka. Màmá tún wá, aṣọ kan náà, bátìrì kan náà. Wọ́n jókòó síwájú.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé owú náà tán. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ẹnì kan kọ̀wé láti London pé kí wọ́n bá òun kí ọlọ́gbọ́n tó ronú kan àwọn òrùka yìí, pé ìyá òun tí kò kàwé ti lè kà á báyìí níwájú kọ̀ǹpútà àbúrò òun. Orúkọ ọmọbìnrin náà ló wà lókè lẹ́tà. Ọmọbìnrin náà fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé Àǹtí Pátákó ni, kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Pẹ́ńsùlù kì í hàn lókèèrè.

Ní Sátidé, mo mú ọmọ mi dání lọ sí ọ́fíìsì. Ó tẹ imú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà títí àwòrán fi sọ̀kalẹ̀ tán, ó wá kígbe pé, "Mọ́mì, ọkọ̀ bàbá mi!" Ọmọbìnrin náà gbé e lé itan, ó jẹ́ kó tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí à ń padà sílé, tí a ti ń sún mọ́ Amùkòkò, ó fa ọwọ́ mi.

"Mọ́mì, àǹtí yẹn ló ya òrùka yín?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo sọ fún un pé, "Èmi ni mo yà á. Òun ló gbé e dé London. Mò ń jowú ẹ̀, ọmọ mi, títí di bí mo ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ kan wà tí mo mọ ohun tí kò mọ̀, mo gbé e pamọ́, màmá àgbà kan sì wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wá láti Iléṣà lásán. Bí ìwọ náà bá ń jowú ẹnì kan ní ilé ìwé, wá sọ fún mi, ká jọ jókòó jowú ẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ẹni yẹn mọ̀, sọ fún un kó o tó máa bọ̀ nílé."